Iyùn Ààyè Ilé Akínmọ́ládùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, mo kí yín bí ìgbì ṣe ń kí etí òkun, tí kì í kí i lẹ́ẹ̀kan kí ó sinmi. Ẹ fún mi ní etí yín méjèèjì, ẹ má fún mi ní ẹyọ kan, nítorí ìtàn tí mo gbé dání yìí wúwo ju ohun tí etí kan lè gbé lọ. Ẹ ó gbọ́ nípa ọkùnrin tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú òkun tí kò sì rì, ẹ ó gbọ́ nípa ìlú tí omi ti ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ nípa ọba kan tí ó ń jẹ àjẹkù ìfẹ́, ẹ ó sì gbọ́ nípa òkú tí ń kí ará ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀. Bí omijé bá dé ojú yín níbì kan, ẹ jẹ́ kí ó bọ́. Ojú tí kò lè sunkún fún ẹlòmíràn, ọ̀nà ìríran lásán ni.

Ìlú kan wà létí òkun tí wọ́n ń pè ní Etí-Ìgbì. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí, omi ń kọjá lábẹ́ wọn bí àlejò tí kò fẹ́ dí onílé lọ́wọ́, iyọ̀ sì wà nínú atẹ́gùn wọn débi pé bí ènìyàn bá lá ètè rẹ̀ lójijì, bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò ni. Omi kànga wọn kò ṣeé mu. Omi òjò tí wọ́n ń gbè lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ sínú ìkòkò ni wọ́n ń mu. Ohun kan sì wà ní ìlú náà tí kò sí ní ibòmíràn. Bí òkun bá gbé ènìyàn lọ tí a kò rí òkú rẹ̀ sin, ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò bá iyùn ààyè kan lórí àkàsọ̀ ilé wọn. Kì í ṣe iyùn tí a ń sín sí ọrùn ni mò ń wí o, èyí tí ó ti kú, tí ó ti le. Iyùn tí ó ń mí ni, ó ní ẹ̀ka bí igi kékeré, ọwọ́ tín-ín-rín tín-ín-rín sì ń yọ lára rẹ̀ tí ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọwọ́ ọmọ jòjòló tí ń wá ọmú. Wọn a gbé e sínú àpótí gíláàsì tí ó kún fún omi òkun, wọn a gbé àpótí náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ti ń wọlé, wọn a sì máa fi abẹ̀bẹ̀ kékeré ro omi náà ní wákàtí wákàtí, nítorí omi tí ó dúró sójú kan a máa pa iyùn. Bí ó bá di ọjọ́ kẹta, iyùn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ohùn ẹni tí òkun gbé lọ ni yóò fi sọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ní òwúrọ̀, gbólóhùn kan tàbí méjì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni ó de gbogbo rẹ̀: omi òjò kò gbọdọ̀ kan ohun tí òkun fúnni. Bí oòrùn bá mu nínú omi àpótí, tí ó lọ sílẹ̀, omi òkun ni wọn yóò fi dí i. Bàbá wọn ṣe bẹ́ẹ̀, bàbá bàbá wọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì sí iyùn kan tí ó kọjá ọdún mẹ́ta rí ní Etí-Ìgbì. Àwọ̀ rẹ̀ a ṣí, ara rẹ̀ a funfun bí egungun, ohùn a dákẹ́. Wọn a mi orí, wọn a ní, "Ọdún kẹta ni ìdágbére," wọn a sì sun ẹkún ẹlẹ́ẹ̀kejì fún òkú kan ṣoṣo. Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ wo bí ọmọ ènìyàn ṣe rí! Ohun tí ń pa wá, bí ó bá ti lè pẹ́ tó lọ́dọ̀ wa, a óò máa pè é ní àṣà.

Ní ìlú yìí ni Akínmọ́ládùn ń gbé, ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún àwọ̀n ṣe. Onítìjú ni. Bí ó bá fẹ́ kí ènìyàn, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìkíni sí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa rí ohun tí ojú ẹlòmíràn ń fò kọjá: okùn kan tí ó já láàárín ẹgbẹ̀rún okùn, èèrà tí ó gbé ẹrù tí ó ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ni Ọmọ́yẹni Àwẹ̀ró, adúmáadán bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lómi, ẹlẹ́rìn-ín tí ń jí aládùúgbò, ẹlẹ́nu bí abẹ tí kì í dá ènìyàn lápá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkọ kò lè sọ, aya ni ó ń bá a sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọmọ́yẹni wa ọkọ̀ lọ sórí omi láti dẹ edé, ìjì dé, ọkọ̀ padà wá, Ọmọ́yẹni kò padà wá.

Ní ọjọ́ keje, iyùn dé sórí àkàsọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ti àlùkò, ó ní ẹ̀ka mọ́kànlá. Ìyá Ọmọ́yẹni, opó àgbàlagbà tí ó ti ń bá wọn gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú àpótí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí Akínmọ́ládùn ti jí tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gíláàsì náà, ó gbọ́ tí ohùn kan ní:

"Olówó orí mi, ẹ tún ti fi fìlà sùn."

Akínmọ́ládùn gbé ọwọ́ lé orí. Fìlà wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ó fi di ẹkún, ó sì dojú bolẹ̀ níbẹ̀ títí oòrùn fi gòkè.

Láti ọjọ́ náà ni ayé ti padà rọrùn díẹ̀ fún un. Bí ó bá di òwúrọ̀, òun àti ìyá àna rẹ̀ yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí bí àwọn tí ń dúró de oúnjẹ. Ní ọjọ́ kan, ohùn náà ní, "Ìyá mi, ẹ dín ata yín kù, ọkọ mi ń làágùn." Ìyá Ọmọ́yẹni pàtẹ́wọ́ ó ní, "Ẹ wá gbọ́ o! Ó kú tán, kò tíì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ mi! Ṣé ọbẹ̀ yìí kọ́ ni ó jẹ tó fi gùn bí ọ̀pẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi ìbínú bo ojú, omi sì ń bọ́ lójú náà.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ tí a fi gíláàsì ṣe, a kì í gbá a mọ́ra pẹ́. Ní ọdún kejì, Akínmọ́ládùn rí i pé àwọn ọwọ́ kéékèèké ara iyùn kò nà tó bí wọ́n ti ń nà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó rí funfun ní ṣóńṣó ẹ̀ka kan, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó rí nǹkan mìíràn pẹ̀lú: ètè àpótí náà ń hu ohun funfun kan bí ìyẹ̀fun tí ó gbẹ. Ó fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, iyọ̀ ni. Ó rò pé òkun ni ó ń bọlá fún ilé òun, ó sì rọra fi í sílẹ̀. Ó fi èédú fa ìlà kan sí ara gíláàsì, ó sì pinnu pé omi kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju ibẹ̀ lọ mọ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni ó ń lọ pọn omi òkun láti fi dí i. Bí ó ti ń tọ́jú iyùn tó ni iyùn ń rù tó. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ gbólóhùn méjì di ọ̀kan, ọ̀kan di àbọ̀, títí di òwúrọ̀ tí ohùn náà ní, "Olówó orí mi, ẹ…" tí kò sì parí rẹ̀.

Ọkùnrin onítìjú náà dìde dúró. Ó ní, "Ìyá, omi etí òkun yìí ti fúyẹ́ jù. Ọmọ yín ń fẹ́ omi inú òkun lọ́hùn-ún, níbi tí iyọ̀ ti wá. Mo ń lọ bù ú wá."

Ìyá Ọmọ́yẹni wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ? Ìwọ tí o kò lè lọ yá ọbẹ lọ́wọ́ aládùúgbò?"

"Èmi náà ni, Ìyá. Ẹ wo ìlà èédú yìí. Omi kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù ú lọ. Omi òkun ni kí ẹ máa fi dí i, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, mo kú. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

"Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́," ni ìyá náà wí. "Ṣé ọmọdé ni mí ni? Ta ló bí i, ìwọ tàbí èmi? Máa lọ, kí o sì padà wá, nítorí n kò ní ẹkún ẹlẹ́ni méjì lójú mọ́."

Akínmọ́ládùn mú akèrègbè kan, ó dé etí òkun, kò sì mọ bí a ti ń wọ inú rẹ̀. Kò mọ oògùn, kò mọ ọfọ̀. Ẹkún nìkan ni ó ní. Ó sun ún lọ́jọ́ kìíní, ó sun ún lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, omijé rẹ̀ ṣàn kọjá yanrìn, ó wọ inú òkun, òkun tọ́ ọ wò, ó rí i pé iyọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí iyọ̀ ara òun, ó wí nínú ara rẹ̀ pé, "Ìbátan mi ni èyí," ó sì ya sí méjì bí aṣọ ìkélé. Akínmọ́ládùn rìn wọlé. Omi padé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mí. Ẹja ń gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, wọ́n ń wò ó bí ará ìlú ti ń wo àlejò tí ó wọ bàtà wọ inú yàrá.

Ibi àkọ́kọ́ tí ó dé ni ìlú Gbináròmi. Omi ibẹ̀ ń hó kutukutu, kò sí iná, kò sí igi ìdáná. Nílẹ̀ ìlú náà, iyùn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ó wà ní ìdúró, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn kú, wọ́n rí bí eyín nínú agbárí òmìrán. Gbináròmi fúnra rẹ̀ yọ sí i, àǹjọ̀nú tí irun orí rẹ̀ jẹ́ èéfín, tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, tí ó jẹ́ pé bí ó bá mí sí ọ̀tún, ẹja ọ̀tún yóò bó, bí ó bá mí sí òsì, ẹja òsì yóò jiná.

Ó ké ramúramù, ó ní, "Ìwọ ẹran tútù, kí ni o ń wá nínú ìkòkò mi?"

"Ọ̀nà ni mò ń wá, ẹ̀yin alágbára."

"Ọ̀nà kò ṣòro. Iyùn kan ṣoṣo ni ó kù láàyè ní ìlú yìí, òun nìyẹn lẹ́sẹ̀ rẹ, kò tó ìka ọmọ ọwọ́. Bí ó bá wà láàyè títí ìmọ́lẹ̀ òní yóò fi lọ, máa kọjá. Bí ó bá kú, ìwọ náà yóò jiná."

Akínmọ́ládùn kò jà, nítorí kò mọ ìjà. Ó tẹ̀ ba lórí iyùn kékeré náà, ó fi ara rẹ̀ ṣe ìbòòji fún un, ó sì ń fi ọwọ́ fẹ́ omi tútù díẹ̀díẹ̀ sí i láti inú ihò àpáta. Ẹ̀yìn rẹ̀ lé ròrò, ròrò náà bẹ́, òmíràn tún lé. Kò yẹ̀ lójú kan. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ lọ, iyùn náà ṣì ń mí. Gbináròmi wò ó pẹ́, èéfín orí rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ó ní, "Mo ti rí alágbára púpọ̀ tí wọ́n fi idà lé mi, n kò rí ẹni tí ó fi ẹ̀yìn gba iná fún ohun tí kò lè dúpẹ́ rí. Máa lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ o, ọkùnrin: ẹni tí ó mọ ìfaradà, ó yẹ kí ó mọ ìbéèrè pẹ̀lú." Ọ̀rọ̀ náà kọjá lórí Akínmọ́ládùn bí òjò lórí ewé kókò. Ìyà a máa jẹ́ kí a rò pé a ti gbọ́n. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn tó bó ni ó mọ ohun tí ó bó fún.

Láti ibẹ̀ ni ó ti dé ààfin Ajẹṣẹ́kù. Níbẹ̀, ohun gbogbo ni ó ní àwọ̀ ewé, tí ó ń yọ̀: òpó ń yọ̀, àga ń yọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ọba náà sanra, ara rẹ̀ jẹ́ kìkì ewé yíyọ̀ tí ń bo òkúta odò, ó sì ní ọ̀yàyà ju àwọn ọba mìíràn lọ.

Ó ní, "Wọlé, wọlé, àlejò pàtàkì! Ẹ gbé oúnjẹ wá! Ẹ̀yìn rẹ ti bó, inú rẹ náà yóò ṣófo. Jẹun, ẹni rere!"

Akínmọ́ládùn jókòó, nítorí ọmọlúàbí kì í gbọ́n oúnjẹ onílé nù. Ó jẹ òkèlè kan, ó dùn mọ́ ọn. Ó jẹ èkejì. Bí ó ti fẹ́ mú ẹ̀kẹta ni ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé ewé yíyọ̀ ti gun kókósẹ̀ rẹ̀. Òkèlè kọ̀ọ̀kan ni ó fi ń gòkè ní ìka kan.

Ọba náà rẹ́rìn-ín. "O rí i? Ojú rẹ mú o! Àwọn mìíràn kì í rí i títí yóò fi dé ọ̀fun. Ṣé o mọ ẹni tí ń bọ́ mi? Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ni. Bí ẹ bá fẹ́ràn nǹkan, ẹ óò máa dà oúnjẹ lé e lórí, ẹ óò ní, 'Jẹ ẹ́, jẹ ẹ́ sí i,' yóò jẹ, yóò ṣẹ́kù. Èmi yóò wá jẹ èyí tí ó ṣẹ́kù, n óò sì sanra, n óò wá bo olólùfẹ́ yín mọ́lẹ̀. N kì í jalè. Ẹ ń fún mi ni. Ó yá, òkèlè kẹta rèé."

Akínmọ́ládùn fi ọwọ́ méjèèjì ti àwo náà padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kábíyèsí, ẹ ṣeun. Ó tó mi."

"Ó tó? Ó tó kẹ̀! Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Kò sí ẹni tó fẹ́ràn tí í mọ ọ̀rọ̀ yẹn!"

"Ó tó mi, Kábíyèsí," ni ó tún wí. Ewé yíyọ̀ náà já lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí okùn gbígbẹ, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba, ó sì kọjá. Ẹ̀yin òbí tí ń gbọ́ mi, ẹ̀yin olólùfẹ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí lọ́wọ́ ọkùnrin náà: ó tó mi. Ó ṣòro lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó ti yọ ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú ọ̀gbun.

Níkẹyìn ó dé ọgbà Atọ́yùn, ìyá arúgbó tí ó ń tọ́ gbogbo iyùn ayé. Ẹnu mi kò tó láti ròyìn ibẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè bí okùn òwú, omi ń mi iyùn síwá sẹ́yìn bí ìyá ti ń mi ọmọ lẹ́yìn, àwọ̀ tí kò ní orúkọ ní ayé wà níbẹ̀ bí ìkòríta ọgọ́rùn-ún òṣùmàrè. Atọ́yùn jókòó láàárín wọn, irun rẹ̀ funfun, ó ń fi ìka kan ṣoṣo yọ ìdọ̀tí lára ẹ̀ka kan.

Akínmọ́ládùn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá, mo wá bẹ̀bẹ̀ omi tí ó níyọ̀ jù lọ nínú òkun. Iyùn aya mi ń kú."

Ìka arúgbó náà dúró. "Omi tí ó níyọ̀ jù lọ. Ta ló ní iyọ̀ ni ó ń fẹ́? Ọmọ mi, bí oòrùn bá mu nínú omi àpótí rẹ, kí ni o fi ń rọ́pò rẹ̀?"

"Omi òkun ni, Ìyá. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. N kò gbàgbé rí."

"O kò gbàgbé rí," ni arúgbó náà wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Ètè àpótí náà ńkọ́? Kò hu nǹkan funfun?"

"Ó hu ú, Ìyá. Iyọ̀ ni. Mo rò pé ọlá ni."

Atọ́yùn fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tí ó ṣí i, omijé wà níbẹ̀, bí omijé ti ń hàn nínú omi ni kò yé mi. Ó ní, "Ọmọ mi, oòrùn kì í mu iyọ̀. Omi nìkan ni ó ń mu, iyọ̀ kò lè gòkè. Ohun tí ó lọ kò ní iyọ̀ nínú, ohun tí ẹ fi dípò rẹ̀ ní iyọ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó èékánná. Nígbà tí yóò fi di ọdún kẹta, ẹ ti ri àwọn iyùn yín bọ inú iyọ̀ bí ẹja tí a fẹ́ fi pamọ́. Láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀ ni òjò ti ń rọ̀ sórí òkun. Ta ló rí òkun kí ó sá wọlé? Omi òjò ni kí ẹ fi dí i. Omi tí ẹ̀yin náà ń mu."

"Ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni, Ìyá! Àwọn bàbá wa…"

"Mo mọ ẹni tí ó ṣe èèwọ̀ náà. Opó kan ni, opó àkọ́kọ́ ní Etí-Ìgbì. Òjò ni ó ń rọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ rẹ̀ rì. Láti ọjọ́ náà, kò lè gbọ́ ìró òjò kí ó má ké. Ó ní ẹ̀kán òjò kan kò gbọdọ̀ kan iyùn ọkọ òun. Àwọn aládùúgbò ṣàánú rẹ̀, wọ́n bá a pa á mọ́. Àwọn ọmọ wọn pa á mọ́, wọn kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìdí. Ẹkún obìnrin kan ni ẹ sọ di òfin ìlú."

Akèrègbè bọ́ lọ́wọ́ Akínmọ́ládùn. Nígbà náà ni ó rántí ìlà èédú. Nígbà náà ni ó rántí ìyá arúgbó mìíràn tí ó fi sílẹ̀ nílé, tí òun fi ẹnu ara òun pàṣẹ fún. Ó dìde láti sáré.

Atọ́yùn ké tẹ̀lé e pé, "Díẹ̀díẹ̀ ni o! Ẹ̀kán lẹ́yìn ẹ̀kán! Ohun tí ó rọra bàjẹ́, a kì í fi wàdùwàdù tún un ṣe. Ọjọ́ kan lọ́dọ̀ wa sì jẹ́ oṣù kan lókè, ọmọ mi. Oṣù mẹ́ta ni o ti lọ."

Òwúrọ̀ ni ó yọ sí etí òkun. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ rí ni Ìyá Ọmọ́yẹni, tí ó ń gun àkàsọ̀ pẹ̀lú korobá omi òkun lórí, tí ó ń fa ẹsẹ̀ òsì bí ẹni fa igi. Eékún rẹ̀ méjèèjì bó.

"Akínmọ́ládùn! O dé! Mo ṣe é gẹ́gẹ́ bí o ti wí o. N kò gbàgbé lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ kọ̀ fún mi, mo fi eékún wọ́. Ìlà rẹ kò yọ lójú omi rí. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ mọ́, ọmọ mi, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Bóyá ìwọ ni ó ń retí."

Akínmọ́ládùn wọlé. Ẹ̀ka mẹ́wàá ti funfun. Ìkọkànlá, èyí tí ó kéré jù, tí ó dojú kọ fèrèsé, ṣì ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀ ní ìdí. Ó bu omi òjò nínú ìkòkò ilé, ó ká ewé bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kán an sínú àpótí ní ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ọmọ́yẹni kígbe nítorí èèwọ̀; Akínmọ́ládùn ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́," ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó sì yà fún un. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi kán an, kò sùn, kò jẹun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, ọwọ́ kékeré kan nà lára ẹ̀ka náà. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ọ, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ: èémí kan, èémí tí Ọmọ́yẹni máa ń fà wọlé kí ó tó fi ènìyàn ṣe ẹ̀fẹ̀. Wọ́n dúró. Ìyá di ọwọ́ àna rẹ̀ mú. Wọ́n dúró títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ kò tẹ̀lé èémí náà. Kò tẹ̀lé e lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀ka náà funfun bí àwọn yòókù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Akínmọ́ládùn kúnlẹ̀ níwájú ìyá àna rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti oòrùn, ti iyọ̀, ti opó àkọ́kọ́. Ó ní, "Ọwọ́ yín kọ́ ni, Ìyá. Ẹnu mi ni. Èmi ni mo pàṣẹ."

Ìyá Ọmọ́yẹni wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ni. Ó béèrè pé, "Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Èló nìyẹn?"

"Ẹ má kà á, Ìyá."

"N kò ní í kà á." Ó na ọwọ́ sí fèrèsé. "Ọláníyọnu ọmọ Adétìmẹ́yìn rì nígbà tí o kò sí nílé. Iyùn rẹ̀ ti dé ilé kejì wa lọ́hùn-ún, ó ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ ń pọn omi òkun sí i lọ́wọ́."

"Bí a bá sọ fún un, Ìyá, gbogbo ìlú ni yóò mọ̀ pé…"

"Kí wọ́n mọ̀," ni ó wí. Ó gbé ìkòkò omi òjò lé orí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń fà, Akínmọ́ládùn sì tẹ̀lé e.

Adétìmẹ́yìn, apẹja tí ó ti hewú, na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. "Omi òjò! Ìyá Ọmọ́yẹni, ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Adétìmẹ́yìn, wò mí dáadáa. Mo pa tèmi lẹ́ẹ̀kejì. Omi òkun ni mo fi pa á, èmi tí mo bí i, pẹ̀lú eékún mi yìí. Bí irọ́ ni mo ń pa, kí ni mo fẹ́ fi irọ́ náà rà? Yà fún mi."

Láti inú àpótí gíláàsì nínú ilé, ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan ní, "Bàbá, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?" Ọwọ́ Adétìmẹ́yìn wálẹ̀.

Ọdún kẹta pé, Ọláníyọnu kò dágbére. Ọdún kẹrin, ọdún keje, ó ń kí bàbá rẹ̀. Èèwọ̀ kú ní Etí-Ìgbì láìsí ẹni tí ó sin ín. Ilé lẹ́yìn ilé ni ó gba omi òjò, bí ènìyàn bá sì rin àárín ìlú náà ní òwúrọ̀, yóò gbọ́ òkú tí ń jí alààyè, tí wọ́n ń bá wọn ṣàwàdà, tí wọ́n ń bá wọn wí. Ilé kan ṣoṣo ni ó dákẹ́, ilé tí ìmọ̀ náà ti jáde. Ní ilé náà, ọkùnrin onítìjú kan jókòó ti àwọ̀n, tí kì í wo ilẹ̀ mọ́ kí ó tó kí ènìyàn, nítorí òun ni àwọn ará ìlú ń wá bá nígbàkúùgbà tí iyùn wọn bá ń ṣàárẹ̀. Yóò bi wọ́n ní ohun mẹ́wàá kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìyá àna rẹ̀ yóò sì gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò fi ata sí i mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá mi dé ibí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ kò pọ̀. Ẹ má fi ohun tí ẹ̀yin fẹ́ fúnni díwọ̀n ohun tí ẹni tí ẹ fẹ́ràn ń fẹ́. Àìgbàgbé kì í ṣe ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ ohun ni a ti fi àìgbàgbé pa. Àṣà tí ẹ bá nílẹ̀, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó bí i, nítorí òmíràn nínú wọn kì í ṣe ọgbọ́n, ọgbẹ́ ni. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, tí ọ̀ràn tiyín ti kọjá àtúnṣe, ẹ gbé ìkòkò yín, kí ẹ lọ sí ilé kejì. Ẹnu mi rèé, mo pa á dé. Kí Ọlọ́run má fi ohùn tí a fẹ́ràn dù wá láìtọ́jọ́.